Ọgbà Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé

Ọgbà ẹ̀fọ́ ni ilẹ̀ kékeré tí a gbin ewébẹ̀, ata, ilá àti àwọn nǹkan ọbẹ̀ mìíràn sí nítòsí ilé. Kì í ṣe oko. Oko lè jìnnà sí ilé, ó sì lè gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kan kò ní lè ro ó tán ní ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ọgbà ẹ̀fọ́ kò ju ohun tí ọmọdé lè tọ́jú kí ó tó lọ sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀, àti nígbà tí ó bá dé ní ìrọ̀lẹ́.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó kọ́ bí a ṣe ń dá ọgbà ẹ̀fọ́ sílẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. A ó kọ́ irú ẹ̀fọ́ tí ó yẹ kí a gbìn. A ó sì kọ́ àwọn ohun èlò tí a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe láìná owó púpọ̀.

Ìdí tí ọgbà ẹ̀fọ́ fi ṣe pàtàkì

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ilé méjì ní àdúgbò kan náà. Ní ilé àkọ́kọ́, ìyá ń ra ata, ẹ̀fọ́ àti ilá ní ọjà lójoojúmọ́. Nígbà tí owó bá wà, ọbẹ̀ a dùn. Nígbà tí owó kò bá tó, ẹ̀fọ́ ni a kọ́kọ́ ń yọ kúrò nínú ọbẹ̀. Omi ata lásán ni àwọn ọmọ yóò fi jẹ ẹ̀bà. Ní ilé kejì, ebè ẹ̀fọ́ mẹ́rin wà ní ẹ̀yìnkùlé. Bí owó kò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ ìyá, ọmọ kan yóò mú ọ̀bẹ àti agbọ̀n, yóò sì lọ gé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wá. Ọbẹ̀ wọn kì í ṣe aláìní ewé.

Ewé tútù kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe ọbẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ lásán. Ó ní èròjà fítámì A tí ó ń jẹ́ kí ojú ríran dáadáa. Ọmọ tí kò bá rí èròjà yìí jẹ tó lè má ríran mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ewé tútù tún ní èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ọgbà ẹ̀fọ́ ní oúnjẹ, ó sì ní ìlera pẹ̀lú.

Ìjọba pàápàá mọ̀ pé ọgbà ẹ̀yìnkùlé ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1976, ìjọba Nàìjíríà dá ètò kan sílẹ̀ tí a pè ní Operation Feed the Nation. Ètò náà gba gbogbo ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n gbin oúnjẹ sí ibikíbi tí àyè bá wà, títí kan àyíká ilé àti ọgbà ilé-ìwé. Ètò náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò kásẹ̀ nílẹ̀. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀, ní 1975, ni ìjọba dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí NIHORT sílẹ̀ ní ìlú Ìbàdàn. Iṣẹ́ àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni láti ṣe ìwádìí nípa èso, ẹ̀fọ́ àti òdòdó.

Ìgbà wo ni ó yẹ kí á gbìn?

Ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a ní ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀ẹ̀rùn a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Bélú, a sì máa dé oṣù Ẹrẹ́nà. Ní àárín rẹ̀ ni ọyẹ́ ń fẹ́. Òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà tàbí Igbe. Ní oṣù Ògún, òjò a máa dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò tún pọ̀ ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà. Òjò kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà ní ibi gbogbo. Ó sábà máa ń tètè dé àwọn ìlú tí ó súnmọ́ òkun, bí Èkó, ju àwọn ìlú tí ó wà ní òkè lọ́hùn-ún, bí Ṣakí.

Òjò tí ó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn ni à ń pè ní àkọ́rọ̀ òjò. Inú ènìyàn a máa dùn sí i, nítorí pé ó ń pa eruku, ó sì ń mú ooru rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n àkọ́rọ̀ òjò lè tan ènìyàn jẹ. Ó lè rọ̀ ní ọjọ́ kan, kí òmíràn má rọ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Bí a bá sáré gbin irúgbìn sílẹ̀ ní ọjọ́ náà, omi yóò wọ inú kóró, kóró yóò sì là. Gbòǹgbò kékeré yóò yọ láti wá omi kiri. Nígbà tí kò bá rí omi, yóò gbẹ. Kóró tí ó bá ti là kì í tún padà di kóró mọ́. Nítorí náà ni àwọn àgbẹ̀ fi máa ń ṣe sùúrù.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣe tán? Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ́ ihò kékeré tí ó jìn tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ bu erùpẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ihò náà, kí ẹ sì fún un mọ́ ọwọ́. Bí ó bá ń dà nù bí elùbọ́, ilẹ̀ kò tíì mu omi tó. Bí omi bá ń kán láti inú rẹ̀, ilẹ̀ ti tutù jù, ẹ dúró kí ó fà díẹ̀. Bí ó bá di mọ́ra bí ìṣù, tí ó sì fọ́ nígbà tí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó tó àkókò láti gbìn.

Yíyan ilẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni ó dára fún ẹ̀fọ́. Àwọn ohun tí a ní láti wò nìyí:

1. Oòrùn. Ẹ̀fọ́ fẹ́ oòrùn tó bíi wákàtí 6 lójúmọ́. Ẹ má ṣe gbìn ín sí abẹ́ igi máńgòrò tàbí ẹ̀yìn ògiri tí oòrùn kì í dé.
2. Omi. Ọgbà tí ó jìnnà sí kànga tàbí ẹ̀rọ omi yóò mú kí ó rẹ ọmọdé láti bomi rin ín.
3. Àgbàrá. Ẹ yàgò fún ibi tí omi òjò máa ń dúró sí. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀fọ́ bá wà nínú omi fún ọjọ́ púpọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ yóò jẹrà.
4. Ìmọ́tótó. Ẹ má ṣe gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá tàbí ibi tí omi ìdọ̀tí ń gbà kọjá. Ẹ má sì ṣe gbìn ín sí ibi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń da ọ́ìlì sílẹ̀, tàbí ibi tí a ń da bátìrì tí ó ti kú sí. Oró inú àwọn nǹkan wọ̀nyí lè wọ inú ewé, kí ó sì ti ibẹ̀ wọ inú ẹni tí ó jẹ ẹ́.

Àwọn ohun tí a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ àti Èrèlé, nígbà tí òjò kò tíì dé, ni àkókò tí ó dára jù láti pèsè ohun èlò. Ẹni tí ó bá dúró títí òjò fi dé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìpèsè yóò pẹ́ gbìn.

Ajílẹ̀. Ajílẹ̀ ni oúnjẹ ilẹ̀. A lè rà á ní ọjà, a sì lè ṣe é fúnra wa. Ẹ ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, kí àlàfo mítà 1 wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, kí ẹ sì fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí pákó yí wọn ká. Ẹ da ewé gbígbẹ sí ìsàlẹ̀. Ẹ da èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, háhá àgbàdo àti koríko tútù lé e. Ẹ da ìgbẹ́ adìẹ tàbí ti ewúrẹ́ lé e, kí ẹ wọ́n eérú díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Ẹ wọ́n omi sí i kí ó tutù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa tò ó ní ìpele ìpele títí yóò fi ga tó àyà yín.

Àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tí ojú kò lè rí ni yóò máa jẹ àwọn ewé náà. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ni inú òkìtì náà yóò máa gbóná. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ ki ọ̀pá kan bọ àárín rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ẹ bá fà á yọ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá tutù tí ó sì gbẹ, ó ń fẹ́ omi. Ẹ máa fi ọkọ́ yí i po ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, yóò dúdú, yóò sì máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ó ti di ajílẹ̀ nìyẹn. Ẹ má ṣe da ọ̀rá, ìgò, agolo, ẹran tàbí eegun sínú rẹ̀. Ọ̀rá kì í jẹrà. Ẹran àti eegun yóò sì pe ajá àti eku wá.

Ìgbẹ́ adìẹ tútù kò ṣeé da sí ìdí ẹ̀fọ́ tààrà, nítorí pé agbára rẹ̀ pọ̀, yóò jó gbòǹgbò. Àfi kí ó kọ́kọ́ jẹrà.

Ọgbà yíyí ká. Ewúrẹ́ kan lè jẹ iṣẹ́ oṣù kan tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Adìẹ pàápàá yóò tú irúgbìn ká. Nítorí náà, ẹ ri ọparun mọ́lẹ̀ yí ilẹ̀ náà ká, kí ẹ sì fi imọ̀ ọ̀pẹ hun ún mọ́ra. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ó ṣù mọ́ra jù, nítorí ìsàlẹ̀ ni adìẹ ń gbà wọlé. Ẹ ṣe ilẹ̀kùn kékeré sí i tí a lè so.

Ike ìbomirin. Bí a bá fi abọ́ da omi sórí ebè, omi yóò gbá irúgbìn lọ. Ẹ mú ike tí ó ní ìdérí, kí àgbàlagbà sì bá yín fi ìṣó gbígbóná lu ihò wẹ́wẹ́ bí ogún sí ìdérí rẹ̀. Bí ẹ bá pọn omi sínú ike náà tí ẹ sì dorí rẹ̀ kodò, omi yóò máa jáde bí òjò wẹ́wẹ́.

Àpò ẹ̀fọ́. Kí ni kí ẹni tí kò ní ilẹ̀ ṣe? Ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú ńlá ni a ti da kọnkéré sí gbogbo àyíká wọn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè lo àpò ìrẹsì tàbí ike tí ó ti là. Ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè máa jáde. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, kí ẹ wá pò erùpẹ̀ ọwọ́ méjì mọ́ ajílẹ̀ ọwọ́ kan, kí ẹ sì dà á kún inú rẹ̀. Ata mẹ́ta tàbí ẹ̀fọ́ bí ogún lè hù nínú àpò kan. Àwọn kan tún máa ń lo táyà ọkọ̀ láti gbin òdòdó. Bí táyà tí ó ṣófo bá wà ní àyíká yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí omi òjò dúró sínú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí.

Ebè àti gbígbìn

Ebè ẹ̀fọ́ kì í rí ṣóńṣó bí ebè iṣu. Gbọọrọ ni, orí rẹ̀ a sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìbú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mítà 1 lọ, kí ọwọ́ yín lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Gíga rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ tí a yà délẹ̀ lọ. Ẹ fi ọkọ́ tú ilẹ̀, ẹ ṣa gbòǹgbò koríko àti òkúta kúrò, kí ẹ sì pò ajílẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi ọ̀nà kékeré sílẹ̀ láàárín ebè kan sí èkejì. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀nà yẹn ni kí ẹ máa tẹ̀. Ẹni tí ó bá ń tẹ orí ebè ń mú kí ilẹ̀ le, gbòǹgbò kò sì ní lè rìn.

Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ yòkòtò. Kóró méjèèjì kéré, wọ́n dúdú, wọ́n sì ń dán. Bí a bá fi ọwọ́ lásán fọ́n wọn, wọn yóò dà sí ojú kan ṣoṣo. Ẹ pò ìwọ̀n síbí kan mọ́ ìwọ̀n agolo yanrìn gbígbẹ kan kí ẹ tó fọ́n ọn sórí ebè. Ẹ fi erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó; bí erùpẹ̀ bá pọ̀ jù, kò ní lè hù. Láàárín ọjọ́ bí márùn-ún, ẹ ó rí ewé wẹ́wẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ga tó ìka, ẹ fa àwọn tí ó ṣù mọ́ra jù yọ. Ẹ má ṣe kó wọn dànù, ẹ̀fọ́ jíjẹ ni.

Ewédú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gbin ewédú tí kò hù, tí wọ́n sì ń bú ẹni tí ó ta irúgbìn fún wọn. Irúgbìn náà lè má ní àléébù kankan. Èèpo ara kóró ewédú ni ó le, tí omi kò lè wọ inú rẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ ọgbọ́n tí a ń dá sí i. Ẹ di kóró náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí àgbàlagbà kan tì í bọ omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, kí ó ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá, kí ó sì yọ ọ́ kíá. Kí ó da omi tútù lé e lójú ẹsẹ̀. Ẹ sá a kí omi ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ wá fọ́n ọn bí ẹ ti fọ́n tẹ̀tẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù nínú omi gbígbóná, yóò sè, kò sì ní hù mọ́.

Ilá. Ẹ rẹ kóró ilá sínú omi mọ́jú. Ní ọjọ́ kejì, ẹ gbẹ́ ihò tí ó jìn tó oríkèé ìka kan, kí ẹ fi kóró méjì tàbí mẹ́ta sínú rẹ̀. Ẹ fi àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 1 sí àárín ihò kan sí òmíràn, àti ẹsẹ̀ bàtà 2 sí àárín poro kan sí èkejì. Nígbà tí wọ́n bá hù, ẹ fi èyí tí ó lágbára jù sílẹ̀, kí ẹ fa ìyókù yọ. Bí ilá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí so, ẹ máa ká a ní ọjọ́ méjì méjì. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó gbó sórí igi, yóò le, igi náà kò sì ní so tó bí ó ti yẹ mọ́. Bí igi rẹ̀ bá ga, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Àwọn àgbà wí pé ilá kì í ga ju ẹni tí ó gbìn ín lọ.

Ata àti tòmátì. Ọmọ ọwọ́ ni àwọn méjèèjì ní ìbẹ̀rẹ̀, a kì í gbìn wọ́n sí ojú ebè tààrà. Ẹ wá bàsíà tí ó ti lu, kí ẹ da erùpẹ̀ àti ajílẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ sì gbin kóró ní ìlà ìlà. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìbòòji sí orí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ní ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ máa ṣí ìbòòji náà díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn lè mọ́ wọn lára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ ṣí wọn lọ sí ojú ebè. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é, kí wọ́n lè fi gbogbo òru sinmi kí oòrùn tó yọ. Ẹ bu erùpẹ̀ mọ́ ìdí wọn, kí gbòǹgbò má ṣe já. Ẹ ki ọ̀pá mọ́lẹ̀ ti tòmátì, kí ẹ sì rọra so ó mọ́ ọn, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé èso rẹ̀.

Ìtọ́jú ọgbà

Iṣẹ́ kò parí sí gbígbìn. Bí òjò kò bá rọ̀, ẹ bomi rin ọgbà ní òwúrọ̀ kùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọ̀sán gangan, oòrùn yóò fa omi náà gbẹ kí gbòǹgbò tó mu ún. Ìdí ẹ̀fọ́ ni kí ẹ da omi sí, pàápàá ìdí tòmátì, nítorí pé ewé tí ó tutù nígbà gbogbo máa ń tètè ṣàìsàn.

Ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí ewé gbígbẹ bo ìdí àwọn ẹ̀fọ́ tí ó ti dàgbà. Yóò dáàbò bo ilẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn, kò ní jẹ́ kí èpò hù, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀kán òjò ta erùpẹ̀ sára ewé.

Ẹ máa tu èpò ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ó ṣì kéré. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Èpò tí a bá fi sílẹ̀ títí tí ó fi so èso yóò fún wa ní iṣẹ́ ọdún púpọ̀.

Àwọn ọ̀tá ẹ̀fọ́ pọ̀: tata, ìgbín, kòkòrò tí ń jẹ ewé, àti ẹyẹ. Ẹ máa yẹ abẹ́ ewé wò ní òwúrọ̀. Ẹ fi ọwọ́ ṣa kòkòrò àti ìgbín kúrò. Ẹ wọ́n eérú sí ìdí ẹ̀fọ́. Ẹ lè gún ewé dóńgóyárò tútù, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì wọ́n ọn sára ewé ní ìrọ̀lẹ́. Adùn rẹ̀ kì í bá kòkòrò lára mu. Fún ẹyẹ, ẹ fi aṣọ àkísà wọ igi, kí ẹ sọ ọ́ di aṣọ́komásùn. Ẹ máa gbé e láti ibì kan dé òmíràn, nítorí pé ẹyẹ tètè ń mọ̀ pé kì í ṣe ènìyàn.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ọmọdé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oògùn apakòkòrò tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sára kòkó tàbí ẹ̀wà. Oró ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ń lò kí a tó jẹ ẹ́. Oró irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè má tíì kúrò lára ewé nígbà náà. A kì í sì fi ike tí oògùn wà nínú rẹ̀ pọn omi mímu, bí a tilẹ̀ fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́wàá. Ewé tí kòkòrò dá ihò díẹ̀ sí sàn ju ewé tí oró wà lára rẹ̀ lọ.

Kíkórè àti fífi irúgbìn pamọ́

A lè fa tẹ̀tẹ̀ tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. A sì lè gé orí rẹ̀, kí a fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè tún yọ ẹ̀ka. Gígé ni ó dára jù fún ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré, nítorí pé ẹsẹ̀ kan lè fún wa ní ọbẹ̀ ní ìgbà púpọ̀. Ewédú a máa tó gé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ dáadáa kí ẹ tó sè é.

Ẹ má ṣe jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ yan ẹsẹ̀ tẹ̀tẹ̀ méjì tí ó dára jù, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n so èso kí wọ́n sì gbẹ. Ẹ fi ilá méjì sílẹ̀ lórí igi títí wọn yóò fi gbẹ. Ẹ gbọn kóró wọn, ẹ sá a sínú ìbòòji fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ dà á sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú eérú díẹ̀, kí ẹ sì dé e pa. Ẹ kọ orúkọ irúgbìn náà àti oṣù tí ẹ kó o sí ara ìgò. Ní ọdún tí ń bọ̀, ẹ kò ní ra irúgbìn.

Bí ẹ bá tún fẹ́ gbìn, ẹ má ṣe gbin ohun kan náà sí ojú kan náà. Ata, tòmátì àti ikàn jẹ́ ẹbí kan. Àìsàn kan náà ni ó ń ṣe wọ́n. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kúrò lórí ebè, ẹ gbin ewé tàbí ẹ̀wà sí ibẹ̀. Ẹ̀wà a máa dá agbára padà sínú ilẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kò nílò ilẹ̀ ńlá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ebè kan tó. Àpò kan tó. Ẹni tí ó bá gbin tẹ̀tẹ̀ sí ebè kan lọ́dún yìí yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó gbìn sí ebè mẹ́ta lọ́dún tí ń bọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun

àkọ́rọ̀ òjò: òjò tí ó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn
ajílẹ̀: ohun tí a ń dà sí ilẹ̀ kí ohun ọ̀gbìn lè ṣe dáadáa
poro: ìlà tí a gbin nǹkan sí ní oko tàbí ní ọgbà
èpò: koríko tí ó hù láàárín ohun tí a gbìn
aṣọ́komásùn: ère tí a fi aṣọ wọ̀ láti dẹ́rù ba ẹyẹ ní oko

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín oko àti ọgbà ẹ̀fọ́?
2. Èéṣe tí kò fi dára kí á gbin irúgbìn ní ọjọ́ tí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀?
3. Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mu omi tó?
4. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí a kò gbọdọ̀ dà sínú òkìtì ajílẹ̀.
5. Kí ni a ń ṣe sí kóró ewédú kí ó tó lè hù dáadáa? Èéṣe?
6. Èéṣe tí a fi ń ṣí ata lọ sí ojú ebè ní ìrọ̀lẹ́?
7. Ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ fín oògùn kòkó sára ẹ̀fọ́ rẹ̀. Kí ni ìwọ yóò sọ fún un?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ olùkọ́ yín, ẹ gbin kóró tẹ̀tẹ̀ sínú agolo méjì. Ẹ fi erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ti àkọ́kọ́. Ẹ fi erùpẹ̀ tí ó nípọn tó ìka mẹ́ta bo ti èkejì. Ẹ máa bomi rin méjèèjì. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sínú ìwé yín lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí ẹ sì sọ ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀.